Àyè Tí Wọ́n Fi Sílẹ̀ fún Àkọ́bí

Òórùn rọ́bà gbígbóná ni mo fi ń rántí ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹ̀rọ tí a fi ń fi ọ̀rá bo fọ́tò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, bí iná bá sì ti dé, òun ni ọ̀gá mi máa ń kọ́kọ́ tàn kí ó lè gbóná kí oníbàárà tó wọlé. Òórùn rẹ̀ á dà pọ̀ mọ́ ti yíǹkì ìtẹ̀wé àti ti epo jẹnẹrétọ̀ tó wà lábẹ́ fèrèsé, títí tí aṣọ ọrùn wa á fi máa rùn bẹ́ẹ̀ bí a bá délé. Ọ̀wọ̀ ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, ní ẹ̀bá ọ̀nà tó wọ ọjà. O mọ irú rẹ̀: fọ́tò ìyàwó tuntun lára ògiri, fọ́tò ọmọ ọdún kan tí wọ́n dé ní adé bébà, fọ́tò olóyè tí ìlẹ̀kẹ̀ iyùn bo àyà rẹ̀ títí kan ìdodo. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́, níbẹ̀ ni mo ti gba fúrídọ̀ọ̀mù, mo sì tún dúró ti ọ̀gá mi bí òṣìṣẹ́, nítorí mo mọ̀ nínú ara mi pé ó ṣì ku ohun tí mo fẹ́ mọ̀.

Ọmọ Àkókó ni wá nílé wa. Iṣẹ́ olùkọ́ ló gbé bàbá mi wá sí Ọ̀wọ̀ kí wọ́n tó bí mi, ó sì ti fi ọkàn sí i pé ọ́fíìsì ìjọba ni èmi náà á jókòó sí. Nígbà tí mo parí ilé ìwé tí mo ní ṣíṣe àtúnṣe fọ́tò lórí kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ kọ́, kò bínú, kò sì yọ̀. Ó kàn ní, "Ìyẹn náà niṣẹ́?" ó sì ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ. Mo gbé ìbéèrè yẹn sáyà fún ìgbà pípẹ́.

Láti ayé fíìmù ni ọ̀gá mi ti ń ya fọ́tò, ó sì kórìíra kí ènìyàn máa fi ìparẹ́ ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bí mo bá fẹ́ yọ ògiri kúrò lẹ́yìn ènìyàn, ìparẹ́ orí kọ̀ǹpútà ni mo máa ń lò, màá máa ha á bí ẹni ha ìsàlẹ̀ ìkòkò, títí màá fi ha etí oníbàárà mọ́ ọn. Ọ̀gá á wò mí, á ní, "Ohun tí o bá pa rẹ́ ti lọ nìyẹn. Bò ó. Ohun tí o bá bò, wàá rí i ṣí." Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi ní másìkì nìyẹn. Fọ́tò lè jókòó lórí ara wọn lójú kọ̀ǹpútà ní ìpele-ìpele, bí aṣọ tí a ká sínú àpótí. Ìpele kọ̀ọ̀kan ni à ń pè ní léyà, ìbòjú tí a bá sì fún léyà kan ni másìkì rẹ̀. Níbi tí o bá kùn ní dúdú lára ìbòjú yẹn, ibẹ̀ á fara pamọ́, fọ́tò tó wà nísàlẹ̀ á hàn. Níbi tí o bá kùn ní funfun, ibẹ̀ á yọ síta. Bí o bá lo àwọ̀ eérú, á wà láàárín méjì bí ẹni tó dúró nínú ọyẹ́. Kò sí ohun tó sọnù. Bí ọwọ́ bá yẹ̀, o kàn máa yí búrọ́ọ̀ṣì sí àwọ̀ kejì, ohun tó ti lọ á padà wá. Oníbàárà kì í rí másìkì. Àwa tí a jókòó sídìí kọ̀ǹpútà nìkan la máa ń rí i, bó ṣe jẹ́ pé aránṣọ nìkan ló ń wo inú aṣọ.

Ní Kérésìmesì kan, ọ̀gá mi lọ ya fọ́tò ìdílé kan ní Èmùré-Ilé. Ìyá àgbà kan ló ránṣẹ́ pè é, opó ni, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ìjọ Áńgílíkà paraku, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Tíṣà. Ọmọ mẹ́rin ló bí. Iṣẹ́ ti fọ́n wọn káàkiri, ó sì ti pẹ́ gan-an tí wọ́n ti pé síwájú rẹ̀ pọ̀. Ohun tó jẹ́ kí ó di dandan lọ́dún yẹn ni ojú rẹ̀. Àìsàn kan tí kì í dunni, tí kì í ta ẹni lólobó, ti wọ ojú méjèèjì, ó sì ń kó ìmọ́lẹ̀ inú wọn lọ díẹ̀díẹ̀. Dókítà ti sọ fún un pé èyí tó ti lọ kò ní padà mọ́. Màmá wá sọ fún àwọn ọmọ pé òun fẹ́ gbogbo wọn nínú fọ́tò kan, nígbà tí òun ṣì lè wò ó.

Àwọn mẹ́ta wá. Èyí àkọ́bí, obìnrin, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní òkè Ọya, kò rí ààyè wá. Ẹni tó yẹ kí ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò yọjú, kò sì lè fi aláìsàn sílẹ̀. Ọ̀gá mi sọ fún mi pé àwọn ọmọ ti fẹ́ sún mọ́ra kí òun máa yà wọ́n lọ, ṣùgbọ́n Màmá jókòó sórí àga ní fàráńdà, ó na ọwọ́ sí apá ọ̀tún rẹ̀, ó ní kí ẹnikẹ́ni má dúró síbẹ̀.

"Ẹ fi àyè àkọ́bí mi sílẹ̀."

Ọkùnrin tó tẹ̀lé àkọ́bí rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ṣé afẹ́fẹ́ ni ká bá ya fọ́tò?"

"Afẹ́fẹ́ kọ́. Ẹ̀gbọ́n yín ni."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe yà á. Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ náà, ìmọ́lẹ̀ rọ̀, gbogbo nǹkan ní àwọ̀ ẹkọ gbígbóná. Ìyá wà lórí àga nínú àdìrẹ aláró, ọkùnrin méjì àti ọmọbìnrin àbígbẹ̀yìn dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀ sí apá òsì, apá ọ̀tún sì ṣófo, tí fèrèsé aláwọ̀ ewé kan ṣoṣo ń wo èèyàn láti ibẹ̀. Bí mo ṣe gbé fọ́tò yẹn sójú kọ̀ǹpútà, ojú mi kò kúrò lára àyè náà. Fọ́tò tó dára ni, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹnu tí eyín ti yọ.

Àbígbẹ̀yìn kọ́kọ́ fẹ́ fi ọgbọ́n orí ṣe é. Ó gba fọ́tò tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yà sórí fóònù ní ilé ìwòsàn, ó fún ẹnì kan ní ìlú tó ń gbé, ẹni náà gé e, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Iná ọsibítù ti sọ ojú obìnrin náà di búlúù láàárín àwọn tó pọ́n fún ọyẹ́, orí rẹ̀ tóbi ju ti ìyá rẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì kan ilẹ̀. Wọ́n ní Màmá gbé e súnmọ́ imú, ó wò ó títí, ó ní, "Ta ni ẹ so rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mi yìí?" ó sì dá a padà.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, nígbà tí àwọn yòókù ti padà síbi iṣẹ́, ni nọ́ọ̀sì náà wá dé. Kò tíì sinmi dáadáa tó fi wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. Obìnrin gíga ni, ọrùn rẹ̀ gùn, ó sì máa ń fi ara ti ẹsẹ̀ kan bó bá dúró, bí ẹni tó ti ń dúró ti ibùsùn aláìsàn láti ọdún mọ́dún. Ó ní, "Ọ̀gá, èmi lẹni tí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wọ inú rẹ̀. Ojú Màmá ti burú ju bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ."

Ọ̀gá mi gbọ́ ọ tán. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ìwọ lo máa lọ. Ìwọ lo máa yà á, ìwọ náà lo máa ṣe é."

Ọ̀gá sọ fún mi ibi tí òun gbé ẹsẹ̀ kámẹ́rà sí, ní ìdí ìbẹ́pẹ, àti bí ó ṣe ga tó. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Èmùré-Ilé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, láptọ́ọ̀pù ní àyà, kámẹ́rà ní ẹ̀yìn. Wọ́n sá kòkó sójú ilẹ̀ níwájú ilé, òórùn kíkan rẹ̀ gba gbogbo àgbàlá. Ohun tí mo rí lójú ọ̀run kò dùn mọ́ mi: ọyẹ́ ti ká kúrò. Oòrùn mú ganrín-ganrín, òjìji fàráńdà gé ilẹ̀ bí ọ̀bẹ. Bí mo bá ya nọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀, òjìji dúdú á wà lábẹ́ imú rẹ̀, tí àwọn àbúrò rẹ̀ kò ní, kò sì sí másìkì tó lè wo ìyẹn sàn. Mo bẹ nọ́ọ̀sì pé kí ó wá aṣọ funfun. Ó mú aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì kan jáde, ó pe obìnrin méjì láti ilé kejì, wọ́n di etí aṣọ náà mú sókè láàárín oòrùn àti fàráńdà, wọ́n ń rojọ́ pé ọwọ́ ń ro àwọn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Ìmọ́lẹ̀ rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ṣí fọ́tò ti tẹ́lẹ̀, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí kámẹ́rà ń fi hàn mí, mo ní kí wọ́n sún aṣọ náà díẹ̀ sí òsì. Ó bá a mu.

Mo ní kí Màmá náà jókòó. Ó ti wọ àdìrẹ ọjọ́ yẹn kí n tó sọ ọ́. Ó ní, "Ṣé èmi náà ń bẹ nínú èyí tí o fẹ́ yà ni?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo fẹ́ kí ọwọ́ ọmọ yín kan èjìká yín ní tòótọ́."

Nọ́ọ̀sì gbé ọwọ́ lé èjìká ìyá rẹ̀. Màmá gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè, ó bo ọwọ́ náà, ó sì tún gbé tirẹ̀ kúrò kí n tó yà á, nítorí ó rántí pé ọwọ́ òun wà lórí itan lọ́jọ́ ti àkọ́kọ́. Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí díẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹni tí mo ń ṣiṣẹ́ fún kì í gbàgbé nǹkan.

Nígbà tí mo padà dé ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ́ fọ́tò tuntun lé ti àtijọ́ lórí, mo sún un títí àga fi bo àga, tí fèrèsé fi bo fèrèsé. Lẹ́yìn náà mo da dúdú bo gbogbo másìkì ti tuntun. Nọ́ọ̀sì pòórá. Àwọn mẹ́ta yòókù padà wá pẹ̀lú àyè òfìfo wọn. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì funfun, mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀, nítorí mo fẹ́ kí ó dúró lórí ilẹ̀ kí n tó mọ ohunkóhun mìíràn nípa rẹ̀. Bàtà yọ, etí aṣọ yọ, ìbàdí, ìgbọ̀nwọ́. Ó ń jáde bí ẹni tó ń bọ̀ láti inú yàrá tí kò níná. Irun rẹ̀ tó ta jáde ní ẹ̀bá etí ló gba àkókò jù. Àwọ̀ eérú ni mo fi tọ̀ ọ́, fọ́nrán kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ìka kan èjìká ni mo ṣe, tí mo tún ṣe, tí mo sì tún bò, nítorí ibẹ̀ ni ojú ìyá máa kọ́kọ́ lọ. Mo fi òjìji rírọ̀ kan sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀gá mi wá dúró sẹ́yìn mi. Ó yọ dígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi èdè Ọ̀wọ̀ sọ ohun kan kíákíá tí èmi ọmọ Àkókó kò gbọ́ tán, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìyìn ni. Ara mi yá gágá. Mo wo fọ́tò náà fúnra mi, mi ò sì rí ibi tí mo ti so ó pọ̀.

A tẹ̀ ẹ́, a fi sínú férémù, mo sì gbé e lọ sí Èmùré-Ilé ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì máa padà. Mo gbé láptọ́ọ̀pù dání bóyá wọ́n á fẹ́ kí n tún nǹkan ṣe. Màmá wà ní pálọ̀. Ó gba férémù náà, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó yí i síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó yí i padà. Ó fi ìka tọ́ etí férémù káàkiri. Ó ní, "Ó dára. Ẹ ṣeun."

Ohùn tíṣà ni ó fi sọ ọ́, ohùn tí wọ́n fi ń sọ fún ọmọ tó gbìyànjú. Mo wo nọ́ọ̀sì, mo rí i pé ó ti yíjú sí ògiri. Ìgbà yẹn ló yé mi. Ìyá kò rí nǹkan kan. Ó rí férémù, ó rí ìmọ́lẹ̀, ó rí ohun tó dà bí ọyẹ́. Gbogbo fọ́nrán irun tí mo tọ̀, ìka lórí èjìká, òjìji abẹ́ ẹsẹ̀, a ti pẹ́ jù pẹ̀lú wọn. Mo jókòó.

Nọ́ọ̀sì ló fẹ́ tù mí nínú. Ó fa àga súnmọ́ mi, ó rọra ní, "Jẹ́ kí n rí bí o ṣe ṣe é." Mo ṣí láptọ́ọ̀pù, mo fi léyà méjèèjì hàn án, lẹ́yìn náà mo ṣí másìkì nìkan sójú rẹ̀. Gbogbo ojú kọ̀ǹpútà dúdú kirikiri, òun nìkan dúró nínú rẹ̀ ní funfun báláú, láìlójú, láìnímú, láìsí aṣọ tàbí àwọ̀.

Màmá wà lódì kejì tábìlì. Ó gbé orí sókè. "Kí nìyẹn?"

Ó dìde, ó fi ọwọ́ wá etí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan kọ̀ǹpútà.

"Àkọ́bí mi nìyí," ó ní. "Ọrùn rẹ̀ nìyẹn. Wo bó ṣe fi ara ti ẹsẹ̀ kan. Bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń dúró nìyẹn ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní kí ó dúró dáadáa títí ó fi kú." Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbá a mú láti ẹ̀yìn. Òun ló wá ṣàlàyé fún mi nígbà tó yá pé ojú ìyá òun kò lè ya àwọ̀ kan kúrò lára èkejì mọ́, ṣùgbọ́n funfun lórí dúdú, pàápàá tí iná kọ̀ǹpútà bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣì ń wọlé.

Màmá kò tíì tán lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó fi ọwọ́ kan èjìká mi. "Àwọn yòókù ńkọ́?"

Kò sí iná ní àdúgbò, bátìrì láptọ́ọ̀pù sì ti ń lọ sílẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀ nínú pálọ̀ náà, mo ṣe másìkì fún àwọn mẹ́ta yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá ti parí ọ̀kan, màá yí kọ̀ǹpútà sí Màmá, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á dá a mọ̀. Ọkùnrin tó tẹ̀lé nọ́ọ̀sì, èjìká ló fi dá a mọ̀, ó ní láti kékeré ló ti ń gbé e sókè bí ẹni tí òtútù ń mú. Èyí tó tẹ̀lé e, etí ni. Nígbà tó kan àbígbẹ̀yìn, kò tilẹ̀ jẹ́ kí n yí i tán. "Ìyẹn kì í dúró jẹ́ẹ́," ó ní, lóòótọ́ sì ni, nítorí ọwọ́ kan rẹ̀ ti kúrò lára rẹ̀ nínú fọ́tò náà, ó fẹ́ lé eṣinṣin. Níkẹyìn mo ṣe ti Màmá fúnra rẹ̀ lórí àga. Ó wò ó pẹ́, ó ní, "Mo ti di àgbà," ó sì jókòó padà.

Ọ̀gá mi kò béèrè ọ̀pọ̀ ìbéèrè nígbà tí mo dé. Ó tẹ àwòrán náà ní bébà tó tóbi jù ní ṣọ́ọ̀bù, ìyá kan àti ọmọ mẹ́rin, funfun lórí dúdú, ọwọ́ àkọ́bí lórí èjìká ìyá tó fi jẹ́ pé o kò lè mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e kọ́ sí pálọ̀, ní iwájú àga ìyá rẹ̀, kí ó tó wọ ọkọ̀ padà sí òkè Ọya. Ó gbé èyí aláwọ̀ lọ pẹ̀lú ara rẹ̀.

Bàbá mi lọ sí Èmùré-Ilé fún ètò ìjọ kan ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà. Nígbà tó dé, ó jókòó, ó bọ́ fìlà, ó ní, "Wọ́n mú mi wọ ilé ìyá kan. Ó fi ọmọ rẹ̀ hàn mí lára ògiri, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ka ìwà wọn fún mi. Ó ní ọmọ Àkókó kan ní Ọ̀wọ̀ ló ṣe é." Ó gbé fìlà náà lé orúnkún. "Mo ní èmi ni mo bí i."

Ìyẹn nìkan ló sọ. Mo lọ sí ilé ìdáná, mo dúró síbẹ̀ títí ojú mi fi gbẹ.

Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi báyìí. Mo ti ṣe fọ́tò fún àwọn tó ń bọ̀ láti Ìsùàdà àti láti Àfọ̀, fún àwọn tí orúkọ wọn wúwo ní ìlú, wọ́n sì ń yìn mí pé ọwọ́ mi mọ́, pé ènìyàn kì í mọ ibi tí mo ti fọwọ́ kàn. Mo máa ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ rí nínú iṣẹ́ wa, inú aṣọ tí a máa ń yí sí abẹ́, òun ni ojú ìyá yẹn gbà. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi pé ìmọ́lẹ̀ tó kù nínú ojú Màmá ti lọ tán, ìrọ̀rùn ló sì fi lọ, bí ìgbà tí a bá rọra pa ilẹ̀kùn dé. Ó ní bí àlejò bá wọlé, ìyá ṣì máa ń na ọwọ́ sí ògiri, á sì sọ ẹni tó dúró níbi kọ̀ọ̀kan, kò sì ṣì wọ́n pè rí. Bí wọ́n bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo fi ń yangàn, èyí ni mo máa ń dárúkọ: àwòrán tí kò lójú tí kò nímú, tí ìyá kan ka gbogbo ọmọ rẹ̀ pé nínú rẹ̀.